Amáàkì àti Tapólì Bàbá Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara da bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo lọ, mi ò sì parí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń kọ kò ju orúkọ mi àti nǹkan tí mo fẹ́ rà lọ́jà lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an kì í yá mi lára. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn a tẹ orí wá sọ́dọ̀ mi, wọn a ní, "Kí lo wí?" Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ mi wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ lọ́kàn yín, kí a jọ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ amáàkì kan àti tapólì kan ni mo fẹ́ sọ. Amáàkì ni aṣọ líle tí a ń so sáàárín igi méjì kí ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀. Àwọn ará Èkó ń pè é ní hámọ̀kì. Àwa tí a wà létí bọ́dà, ẹnu àwọn awakọ̀ tó ń ti Kùtọnu bọ̀ ni a ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń pè é náà ni à ń pè é. Bàbá mi wà lára àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn. Tí wọ́n bá dá wọn dúró sí bọ́dà, abẹ́ tírélà ni Bàbá máa ń so amáàkì rẹ̀ mọ́, á sùn síbẹ̀ bí àdán, tírélà ni òrùlé rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó ń dáko lẹ́yìn Ihunbọ. Amáàkì náà bá a dé oko. Tírélà kò sí lóko, ó bá ra tapólì aláwọ̀ ewé kan láti máa fi ṣe òrùlé.

Òun ló kọ́ mi. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, amáàkì ni a ń so, tapólì ni a ń ta, ìyẹn ni pé a ń nà án bí òrùlé. Ẹ ó kọ́kọ́ wá igi méjì tó lágbára. Tí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ẹ ó ká sínú rẹ̀ bí ẹni tó bọ́ sínú agbọ̀n. Tí wọ́n bá jìnnà síra jù, okùn á le, amáàkì á sì da yín nù. Kí ẹ tó wo ilẹ̀, ẹ wo òkè, kí ẹ̀ka gbígbẹ má lọ wà lókè orí yín. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó na okùn gbọọrọ láti igi dé igi, ẹ ó gbé tapólì gùn ún bí ẹni gun ẹṣin, ẹ ó wá fa etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí èèkàn. Apá ibi tí òjò ti ń bọ̀, kí ó sún mọ́ ilẹ̀ ju èkejì lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó wá so amáàkì sí, kí ó tẹ̀ kọrọdọ láàárín bí ìkòkò. Bàbá máa ń so àkísà kékeré mọ́ okùn amáàkì ní ìhà orí àti ní ìhà ẹsẹ̀, kí omi tó bá ń gba ojú okùn bọ̀ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó má wọlé bá ẹni tó ń sùn. Ojóbó ló fi ń so gbogbo rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé tí ẹ bá fa ìdí okùn báyìí, ó ti tú.

"Má ta kókó," ni Bàbá máa ń wí. "Kókó tí o kò lè tú nínú òjò, ọ̀tá rẹ ni."

Nígbà tí Bàbá kú, àwọn àbúrò rẹ̀ pín ohun tó fi sílẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín kẹ̀kẹ́, wọ́n pín àwo oúnjẹ. Yàrá tí èmi àti Bàbá ń gbé, àbúrò tó tẹ̀lé Bàbá ló kó àgbàdo sínú rẹ̀. Òun náà ló ju àpò amáàkì sí mi lẹ́sẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí.

"Gbà," ó ní. "Ogún tìrẹ nìyẹn. Wá igi méjì, ilé ti dé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà rò pé inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wí náà ló rí. Láti ọjọ́ yẹn, ibi tí mo bá ti rí igi méjì ni ilé mi.

Mo rí igi méjì náà nínú igbó tíìkì kan ní ọ̀nà Ayétòrò. Ọ̀gá kan tó ń gbé ní Èkó ló ni igbó náà. Ó sọ ọ́ di ibùdó tí àwọn ará Èkó ń wá lópin ọ̀sẹ̀ láti sùn síta. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni. Ènìyàn ní bẹ́ẹ̀dì nílé, ó wá ń sanwó kí ó lè sùn sáàárín igi! Wọ́n gbà mí pé kí n máa bá àwọn àlejò so amáàkì, kí n máa bá wọn ta tapólì, kí n sì máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá ń lọ. Mo mọ iṣẹ́ náà. Tí a bá ti tú amáàkì, a ó gbọn ewé àti èèrà inú rẹ̀ dànù, a ó ká a láti orí dé ẹsẹ̀, a ó fi okùn rẹ̀ dì í yíká bí ìgbà tí a bá fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Tapólì ni a ń tú kẹ́yìn. A kì í ká a ní tútù tí oòrùn bá wà, torí yóò hu èbu.

Ẹni tí ọ̀gá fi ṣe olórí ibùdó jẹ́ ìbátan rẹ̀ kan, obìnrin tó sanra, tó máa ń wé gèlè kékeré láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀gbọ́n kò pè mí ní orúkọ mi rí. Èèrà ló ń pè mí. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, á ká ọwọ́ sí etí, á tẹ̀ síwájú, á sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí pé, "Ẹ dákẹ́ o, ẹ dákẹ́, Èèrà ń sọ̀rọ̀." Wọn a rẹ́rìn-ín, ohun tí mo fẹ́ sọ á sì pòórá lẹ́nu mi.

Ìdí odi ibùdó, níbi tí igi tíìkì méjì ti kọjú síra, ni mo máa ń so amáàkì mi sí. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí n máa sùn sílé ìdáná kí ewúrẹ́ má baà máa wọ inú rẹ̀, kí n sì lè tètè dáná láàárọ̀.

"Ta ló ń sùn síta níbí?" á bi mí. "Àlejò tó sanwó. Ìwọ náà, àlejò ni ọ́? Owó wo lo san?"

Mi ò lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo iṣẹ́ tó bá rán mi ni mò ń jẹ́. Ti ibi tí mo máa sùn yìí nìkan ni mi ò gbà fún un. Mi ò bá a jiyàn o. Tí ó bá ti sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń wo ilẹ̀, tí ilẹ̀ bá sì ṣú, mo ti so amáàkì mi. Ìyẹn ló ń bí i nínú ju kí n bú u lọ. Ó sọ lọ́jọ́ kan níwájú alásè pé, "Ẹni tó ń dákẹ́ tí kò sì gbọ́ràn, àjẹ́ ni. Ẹ máa wò ó. Màá bá a tú ilé yẹn ká."

Ọ̀sán Sátidé kan, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan wá láti Èkó, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Mo ti bá wọn so amáàkì wọn tán nígbà tí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan fi ọkọ̀ tirẹ̀ dé lẹ́yìn wọn. Kò sí amáàkì tó ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí tapólì. Èyí tó yẹ kí ó kù, èédú ìdáná ti jó o láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n kò sì sọ fún ọ̀gá. Ojú ọ̀run ti ṣú ní ìhà Òkè-Ọ̀dàn. Atẹ́gùn ti ń yí ewé tíìkì dé ẹ̀yìn. Èmi kúnlẹ̀ síbi èèkàn kan lọ́hùn-ún, mò ń fi òkúta gbá a wọlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo.

Ẹ̀gbọ́n dúró ní fàráńdà, ó pè mí.

"Èèrà! Tapólì rẹ tó wà nínú àpò ńkọ́? Ṣé kí n ta tapólì yẹn fún ọ̀gá yìí?"

Mo gbé orí sókè. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo rò ó pé òjò ń bọ̀, àlejò kan kò ní ìbòrí, Ẹ̀gbọ́n sì wá ń gbàṣẹ lọ́wọ́ mi kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan mi. Kò gbàṣẹ nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Ẹ ò bá rí bí inú mi ṣe dùn. Kí ó má baà ká ọwọ́ sí etí, mo pariwo rẹ̀, ariwo tí mi ò pa rí níbẹ̀.

"Ẹ ta tapólì náà fún wọn, mà!"

Nígbà tí mo fi gbá èèkàn yẹn tán tí mo sì dé iwájú fàráńdà, àpò Bàbá ti wà lórí tábìlì. Onírùngbọ̀n ti fa amáàkì jáde, ó ń nà án wò. Ó ní ojúlówó nìyí, pé wọn kì í hun irú rẹ̀ mọ́, pé òun á gbé e kọ́ sí báíkónì òun.

Mo sọ fún un pé, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín ta á kí òjò tó dé, sà."

"O ti tà á ná," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n ti gbowó gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Ó ń fi owó sí kókó ìró rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ ní kí a ta á ni."

Ó ká ọwọ́ sí etí. "Kí ló wí? Ẹ dákẹ́ ná, Èèrà ń sọ̀rọ̀."

"Mo ní mo rò pé kí a ta á, kí a fi bo ọ̀gá lórí."

"Ṣé mo bi ọ́ àbí mi ò bi ọ́?"

"Ẹ bi mí, mà."

"Kí lo dáhùn? Sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ènìyàn gbọ́."

Ọmọbìnrin kan láàárín wọn, tó wọ awò ojú, ló bá mi sọ ọ́. Ó fún ohùn rẹ̀ títí ó fi dà bí tèmi, "Ẹ ta tapólì náà fún wọn, mà!" Ẹ̀rín bú jáde. Ẹlòmíràn náà sọ ọ́. Kò pẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ dorin, wọ́n ń fi àtẹ́wọ́ gbè é.

Mo ti rò ó láti ìgbà náà. Ká ní Ẹ̀gbọ́n sọ pé "ṣé kí n tà á," etí mi ì bá gbọ́ pé títà ọjà ni. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá fi tapólì sínú ọ̀rọ̀, tí ó ní kí a ta tapólì, bákan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń dún, kò sí ẹni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nǹkan mìíràn tún wà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá Ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́, kò sọ "ta tapólì" rí. "Fa tapólì" ló máa ń wí. "Èèrà, lọ fa tapólì síbí. Èèrà, fa tọ̀hún dáadáa." Ọjọ́ yẹn nìkan ló sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Onírùngbọ̀n kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ ní àkọ́kọ́. Ó wò mí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà yé e, pé ó mọ ohun tí mo rò àti ohun tí Ẹ̀gbọ́n ṣe. Mo dúró. Mo rò pé yóò ká amáàkì náà padà sínú àpò. Ó fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọrin, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọjà tí a bá ti tà kì í padà sọ́wọ́ ọlọ́jà," ó wí. "Ó yá, Sìsí Amáàkì. Wá bá mi ta ohun tí o tà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó tún un sọ fún àwọn tí kò gbọ́ ọ. "Mo ní kó wá bá mi ta ohun tó tà!" Ọ̀kan lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín.

Mo ta á. Ìdí odi, láàárín igi méjì tèmi, ni ó ní òun fẹ́, torí ibẹ̀ ló dára jù fún fọ́tò. Mo na okùn, mo gbé tapólì gùn ún, mo fa etí rẹ̀ sí èèkàn. Mo fẹ́ so ó kí ó dẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń fi fóònù ya mí. Nígbà tí mo so àkísà mọ́ okùn amáàkì, ọmọbìnrin aláwò ojú pariwo pé, "Ẹ gbà mí o, ta ló sá pátá sórí okùn?" Ṣòkòtò Bàbá ni mo ya àkísà náà lára rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣe tán, Onírùngbọ̀n fọwọ́ lu amáàkì.

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Tó bá máa já, kó já mọ́ ọ."

"Kò ní í já, sà."

"Wọ̀ ọ́, mo ní."

Mo bọ́ bàtà, mo jókòó sí i, mo sì gbé ẹsẹ̀ mi wọlé. Ara mi mọ ibẹ̀. Mo di ojú, kí n má baà rí wọn. Òórùn oko ṣì wà lára aṣọ náà, àti ti epo ọkọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ẹnì kan ń sọ pé, "Ẹ wò ó, ó ti sùn o, ọmọ onílé!" Kí n tó la ojú, Onírùngbọ̀n ti gbá etí amáàkì mú, ó sì yí i dà nù. Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi balẹ̀. Ewé tíìkì gbígbẹ kún mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dìde, ó ti wà nínú rẹ̀, ó ń fì síwá sẹ́yìn.

"Ó dáa," ó wí. "Kò já lóòótọ́."

Ẹ̀gbọ́n wà ní fàráńdà ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Bí mo ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ o. Mo ti bá ọ tẹ́ ẹní." Mo dúró síwájú rẹ̀. Ó ní owó náà wà lọ́wọ́ òun, pé gbogbo oúnjẹ tí mo ti ń jẹ níbẹ̀, ṣé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń sè é? Ó wá fi èèpo ẹ̀pà lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun dà á nù. Mo bá a dà á nù.

Òjò náà rọ̀ dáadáa. Àárín ìkòkò méjì ni Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹní náà sí. Ewúrẹ́ kan wọlé, ó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mi ò lé e. Mò ń gbọ́ òjò lórí páànù, mo sì mọ̀ pé ẹ̀kán kan kò ní í kan ẹni tó sùn sínú ilé mi. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, pé mo ta á dáadáa fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí kí Ẹ̀gbọ́n tó jí. Mo dáná, mo gbé omi kaná, torí iṣẹ́ mi ni. Lẹ́yìn náà mo gba ìdí odi lọ. Òjò ńlá ti dá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sẹ̀ wínníwínní. Kò sí ẹni tó tíì jí nínú wọn. Onírùngbọ̀n la ẹnu sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ síta amáàkì, ó wọ ìbọ̀sẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìhà tí tapólì ti sún mọ́ ilẹ̀. Mo fa ìdí ojóbó, ó tú. Mo rọra gbé etí rẹ̀ sókè kí omi tó wà lójú rẹ̀ lè ṣàn gba ẹ̀yìn lọ, kí ó má dà lé e. Mo tú èkejì. Mo yí sí òdìkejì, mo tú ti ibẹ̀ náà. Mo wá fa tapólì náà kúrò lórí okùn díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi wà ní apá mi. Ó wúwo fún omi. Ojú ọ̀run hàn láàárín ewé tíìkì, òjò wínníwínní náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí Onírùngbọ̀n níwájú orí. Ó fi ọwọ́ nu imú, ó sì ń sùn lọ.

Amáàkì ńkọ́? Ènìyàn wà nínú rẹ̀. Mo dúró síbi igi tó wà ní ìhà orí rẹ̀, mo di ìdí okùn mú. Fífà kan ni, á balẹ̀ gbì. Mo dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Ariwo ni mi ò fẹ́.

Mo ká tapólì ní tútù, mo gbé e rù, omi ń kán sí mi lọ́rùn. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ibùdó nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Sìsí Amáàkì! Nǹkan yìí ti tú o! Òjò ń pa mí! Wá ta á padà!"

Ẹ̀gbọ́n náà jáde. "Èèrà! Èèrà dà? O ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ ni?"

Mo gbọ́. Mo fa ilẹ̀kùn odi dé lẹ́yìn mi, mo já sí títì. Ọkọ̀ kan ń ti Ayétòrò bọ̀, ó tan iná nínú òjò. Mo na ọwọ́ sí i. Ó dúró, mo sì sọ fún awakọ̀ pé Ìlaro ni mò ń lọ.